Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: X-Men, Spider-Man àti Batman Lórí Ẹ̀rọ Àtijọ́

Lẹ́tà oṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àwọn tó gbé ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn nìkan. Inú wa dùn sí i gidigidi. "Ó ti bàjẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó kún inú lẹ́tà wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ ló ní àtúnṣe tí kò ná yín lówó gọbọi.

ṢÉ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ X-MEN MI TI BÀJẸ́ NI?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. SS2 ni mo wà, Ṣómólú ni a ń gbé. Dádì mi fún mi ní Sega Mega Drive tí wọ́n lò nígbà èwe wọn, kásẹ́ẹ̀tì X-Men ti ọdún 1993 sì wà lára rẹ̀. Mo ti dé ìpele Mojo's Crunch. Aago ń kà sẹ́yìn, wọ́n ní kí n ṣe reset kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n n ò rí kọ̀ǹpútà kankan tí lílù mi ń ràn. Ibẹ̀ ni mo ń kú sí lójoojúmọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣómólú

Kásẹ́ẹ̀tì rẹ kò ní àrùn kankan, ọmọ wa. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sọ kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n. Sega tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ ni. Wo òkè rẹ̀, wàá rí bọ́tìnì tí wọ́n kọ RESET sí. Nígbà tí aago bá ń kà tí kò sì sí ohun tó kù láti lù, na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, tẹ RESET lẹ́ẹ̀kan péré, fẹ́ẹ́rẹ́, kí o sì gbé ìka kúrò lójú ẹsẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n á yí padà, lẹ́yìn náà wàá bá ara rẹ ní Asteroid M, ibùjókòó Magneto, tí í ṣe ìpele ìkẹyìn.

Ohun tó ń pa àwọn tó ti gbọ́ àṣírí yìí pàápàá ni pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí o bá di RESET mú pẹ́, géèmù á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. X-Men yìí kò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, kò sì ní ibi ìpamọ́, nítorí náà gbogbo wákàtí tí o ti lò ló lọ yẹn. Má sì ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnì iná. RESET kì í pa iná. Iná ṣì ń lọ sínú ẹ̀rọ, ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò parẹ́. Ìdí nìyẹn tí géèmù fi lè mọ̀, nígbà tó bá jí padà, pé Mojo's Crunch lo wà, kó sì gbé ọ síwájú. Ẹni tó bá pa iná ti nu mẹ́mọ́rì náà kúrò.

Sega Nomad, ẹ̀rọ àgbéléwọ́ tí Sega ṣe lọ́dún 1995 tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì Mega Drive, kò ní bọ́tìnì RESET rárá. Ẹni tó bá ń gbá X-Men lórí rẹ̀ kò lè kọjá ibẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó. Tó bá jẹ́ orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lo ti ń gbá a, wá Soft Reset nínú àtòjọ rẹ̀. Hard Reset dà bí ìgbà tí o fa wáyà yọ.

Ọgbọ́n ńlá ni ẹni tó ronú kan èyí ní. Síbẹ̀, a gbà pé ó le ju ohun tó yẹ kí wọ́n gbé ka ọmọdé lọ, àgàgà ní ìlú tí kásẹ́ẹ̀tì ti máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí páálí, láìsí ìwé ìlànà.

SEGA TÓ TI AMẸ́RÍKÀ DÉ Ń RÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi fi Sega Genesis (orúkọ tí wọ́n ń pe Mega Drive ní Amẹ́ríkà) irú ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì Spider-Man vs. The Kingpin. Mo ki ṣájà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí òórùn jíjó fi gba yàrá. Mo yọ ọ́ kíá. Ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sọ pé Sega náà ti kú, kí n gbé e jùnù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Bàbá kan, Sùúrùlérè

Ẹ má gbé e jùnù o, Bàbá. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ṣájà nìkan ló kú.

Iná ilé Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fólítì, tiwa jẹ́ 230. Inú ṣájà àtijọ́ yẹn, wáyà bàbà tí wọ́n wé ni tírànsífọ́mà rẹ̀. Kò ní ọgbọ́n tó fi ń mọ iye iná tó wọlé, ṣe ló ń pín in ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Bí ohun tó wọlé bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ohun tó ń jáde náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, wáyà á gbóná, ohun tí wọ́n fi bo wáyà á sì máa yọ́. Òórùn tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ní ti Sega fúnra rẹ̀, àwọn rẹ́gúlétọ̀ 7805 ló wà lẹ́nu ọ̀nà iná rẹ̀. Wọ́n lè gba tó 35 fólítì, kí wọ́n sì tú 5 fólítì sílẹ̀. Nítorí náà ṣájà sábà máa ń kú kí ìyà tó dé ọ̀dọ̀ Sega.

Ẹ wá ṣájà tó ń gba 230 fólítì, tàbí èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí lára, kí ó máa tú 9 tàbí 10 fólítì DC jáde, kí agbára rẹ̀ má dín ní 1.2 ámpì. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 2 ámpì, kò léwu: ìwọ̀n tí Sega fẹ́ ló máa fà. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ 5.5 mílímítà lóde, 2.1 nínú, àárín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ négétífù. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́ lórí èyí. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́ lójú rẹ̀: ẹ fi wáyà pupa mítà sínú ihò àárín, ẹ fi dúdú kan ara òde. Bí mítà bá fi àmì ìyọkúrò ṣáájú nọ́ńbà, èyí tí ẹ ń wá nìyẹn. Bí kò bá sí àmì náà, ẹ dá a padà.

Ìkìlọ̀ wa pọ̀ níbí nítorí pé ibí ni ẹ̀rọ tó ṣì yè ti ń kú. Sega irú ti kejì, èyí tó kéré, ń lo 10 fólítì àti 0.85 ámpì, ẹnu ṣájà rẹ̀ tín-ín-rín, àárín rẹ̀ sì jẹ́ pọ́sítífù, òdìkejì ti àkọ́kọ́. Èyí tó burú jù ni ṣájà NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, ti Amẹ́ríkà. Ẹnu rẹ̀ wọ Sega irú ti àkọ́kọ́ rẹ́gí, ó sì wọ Famicom, irú NES tí wọ́n tà ní Japan, ṣùgbọ́n 9 fólítì AC, irú iná ara ògiri, ló ń tú jáde, kì í ṣe DC. Má ṣe gbìyànjú rẹ̀ láé. PlayStation àkọ́kọ́ tó bá ti Amẹ́ríkà wá kò tilẹ̀ ní ṣájà lóde, inú rẹ̀ ni ohun tó ń yí iná padà wà. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ki wáyà bọ ògiri. Bí ó bá jẹ́ 120V ni wọ́n kọ, tírànsífọ́mà tó ń sọ 230 di 110 ni ẹ máa lò. Oní-100 wáàtì tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù, torí pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í jẹ iná.

Tó bá ti gba iná tán, ó ṣeé ṣe kí àwòrán jáde ní dúdú àti funfun, tàbí kó máa yí lókè sódò. Ẹ má tún sáré pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. NTSC ni àwòrán Amẹ́ríkà, PAL ni tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tiwa mọ̀. Ẹ wọ ètò tẹlifíṣọ̀n yín, ibi Colour System, ẹ gbé e sí AUTO tàbí NTSC 3.58. Púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n tó dé lẹ́yìn ń ṣe méjèèjì. Èrè kan wà nínú rẹ̀ fún yín: Sega ti Amẹ́ríkà ń ya àwòrán ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti PAL ń yà á ní ìgbà 50. Ọ̀pọ̀ géèmù ló ń falẹ̀ lórí PAL torí bẹ́ẹ̀, orin wọn náà á sì máa wọ́. Spider-Man tiyín á yá gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́.

Nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a: ẹ máa ya fọ́tò. Owó tí ìwé ìròyìn Daily Bugle ń san fún fọ́tò ni Peter, ìyẹn Spider-Man fúnra rẹ̀, fi ń ra oje okùn aláǹtakùn rẹ̀, fọ́tò àwọn ọ̀gá ọ̀tá ló sì níye lórí jù. Ẹ lè lọ sùn nílé kí ara yín le padà, ṣùgbọ́n wákàtí 24 tí bọ́ǹbù Kingpin fi sílẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń sùn.

TA LÓ JÀRE, ÈMI TÀBÍ ÀBÚRÒ MI?

Ní ilé géèmù àdúgbò wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta nígbà náà, a máa ń pààrọ̀ akọni méjì láàárín ìjà nínú Marvel vs. Capcom. Mo ra ti PlayStation àkọ́kọ́, n ò lè pààrọ̀ wọn. Àbúrò mi ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. — Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Pé kò sí pààrọ̀ kò sọ ọ́ di ayédèrú. Bí Capcom ṣe ṣe é fún PlayStation nìyẹn. Nínú ẹ̀rọ ńlá tó wà ní ilé géèmù, inú ṣíìpù ni àwòrán akọni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì níhà kọ̀ọ̀kan, wà, ẹ̀rọ sì ń kà wọ́n lójú ẹsẹ̀. PlayStation ní mẹ́mọ́rì mẹ́gábáìtì 2 péré, orí díìsìkì ló sì ti ń ka nǹkan. Kò sí àyè fún ara akọni mẹ́rin pẹ̀lú gbogbo ìṣípòpadà wọn. Wọ́n wá sọ ẹnì kejì di olùrànlọ́wọ́ tó ń fò wọlé, tó ń lu ọ̀tá, tó sì ń lọ.

Ẹ wá ipò tí wọ́n ń pè ní Cross Over nínú rẹ̀. Níbẹ̀, akọni méjì kan náà ló máa wà níhà ọ̀dọ̀ yín àti níhà ọ̀tá, nítorí náà àwòrán méjì péré ni mẹ́mọ́rì ní láti gbé, pààrọ̀ á sì ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ti ilé géèmù gan-an, Dreamcast ni kí ẹ wá. Mẹ́mọ́rì tirẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 16, kò sì yọ ohunkóhun.

NEPA MÚ INÁ LỌ NÍGBÀ TÓ Ń PA GÉÈMÙ MỌ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi gbá Spider-Man ti PlayStation àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá tó ń jẹ́ Carnage. Bó ṣe ń pa á mọ́ sínú mẹ́mọ́rì káàdì ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ní káàdì náà kò tíì ní fọ́mátì. Ó sunkún títí ó fi sùn lọ. Ṣé ọ̀nà wà? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ọbálẹ́ndé

Ẹ kú ìrọ́jú, Mọ́mì. Ẹ bá wa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ̀rọ bá bi í bóyá kó fọ́mátì káàdì náà. Ìdáhùn yẹn ló ń nu ohun tó kù. Ẹ pa PlayStation, ẹ yọ káàdì, ẹ fi òwú tí a fi ń nu etí pẹ̀lú ọtí isopropyl díẹ̀ nu irin ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá kì í bọ ihò kejì. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí ẹnu káàdì ló ń purọ́ pé òfo ni. Bí ihò méjèèjì bá sọ ohun kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ káàdì, níbi tí wọ́n ti kọ ohun tó wà nínú ojú ilé 15 tó kù, ni iná já lé lórí. Ní àkókò yẹn, fọ́mátì ló kù. Káàdì náà á tún ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, kò sí bátìrì nínú rẹ̀ tó lè tán.

Fún ìgbà mìíràn: UPS kékeré irú èyí tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà ni kí ẹ so PlayStation mọ́. Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lára ògiri. Bí iná bá lọ nígbà tó ń pamọ́, tẹlifíṣọ̀n á kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kó ka títí dé 15 kó tó pa á. Kó sì ní káàdì méjì, kó máa pa á mọ́ sínú èkíní lónìí, èkejì lọ́la.

Wàyí o, ohun tó máa mú inú rẹ̀ dùn. Nínú àtòjọ àkọ́kọ́ géèmù náà, kó wọ Special, kó wọ Cheats, kó tẹ EEL NATS. Orúkọ Stan Lee ni, wọ́n kọ ọ́ láti ẹ̀yìn síwájú, ohùn rẹ̀ náà sì ni ẹ ń gbọ́ nínú géèmù yẹn. Gbogbo ìpele á ṣí sílẹ̀, kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Fún Carnage, kó má bá a jà ní ìgun yàrá. Àárín yàrá ni ìró tó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù wà, ìró ló sì ń pa irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Kó máa lù ú títí á fi ṣubú sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Doctor Octopus bá gbé Carnage wọ̀ bí ẹ̀wù, kó má lù ú rárá. Sísá ni ìjà yẹn.

Ẹ sì fi èyí hàn án: ìkúukùu tó bo ojú títì nísàlẹ̀ gbogbo ilé gíga inú géèmù náà. Nínú ìtàn, àwọn ọ̀tá ló tú u sílẹ̀. Ní tòótọ́, PlayStation kò ní agbára láti ya gbogbo ìlú títí dé ilẹ̀. Neversoft, tó ṣe é lọ́dún 2000, sọ àìlágbára ẹ̀rọ di apá kan ìtàn, a sì ka ìyẹn sí ọ̀kan lára ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe.

MO FẸ́ ATẸ́GÙN SÍ I, KÒ ṢIṢẸ́

Batman ti Sunsoft ni mo ní, kò fẹ́ tàn mọ́ lórí ẹ̀rọ Nintendo mi. Mo máa ń fẹ́ ẹnu sí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó sì máa ń tàn tẹ́lẹ̀. — Òǹkàwé, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ dá ẹnu fífẹ́ dúró lónìí. Itọ́ ló ń bá èémí yín wọlé, afẹ́fẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó sì ti ní ìrì àti iyọ̀ òkun tó tó. Ohun tó ń jẹ́ kó tàn ni pé ẹ yọ ọ́, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, irin sì tún kan ara wọn. Ẹnu yín kọ́.

Ẹ wá sikurudíráfà oníhò 3.8 mílímítà tí wọ́n fi ń ṣí kásẹ́ẹ̀tì Nintendo, tàbí kí ẹ fi òwú ṣe é láti ẹnu rẹ̀ láìṣí i. Ọtí isopropyl tó tó 90% sókè ni kí ẹ lò. Sípírítì tó lómi púpọ̀ kò dára. Ẹ nù ún ní òró, kí òwú má dì mọ́ àárín eyín irin. Ẹ máa pààrọ̀ òwú títí tí èyí tó jáde kò fi dúdú mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ ìṣẹ́jú 15. Ẹ má lo pépà ìdán, ẹ má lo bẹntiróòlù: wúrà tó wà lára irin yẹn fẹ́lẹ́, tó bá ti ṣí, ìpata dé nìyẹn. Ẹ ka eyín rẹ̀ pẹ̀lú. Kásẹ́ẹ̀tì NES ní 72, Famicom àti ọ̀pọ̀ àfarawé rẹ̀ tó kún Èkó ní 60. Èkíní kò lè wọ èkejì láìsí ohun asopọ̀ láàárín.

Tó bá tàn, tí ẹ bá há sí ibi gíga: ẹ fò lu ògiri, ní kété tí Batman bá kan án, ẹ tún tẹ bọ́tìnì fífò. Á ta padà sí ògiri kejì. Ẹni tí kò bá kọ́ ìyẹn ní ìpele àkọ́kọ́ kò lè rí Joker lójú.

GAME GEAR MI DÁKẸ́, ṢÉ KÍ N RA TUNTUN?

Spider-Man wà nínú Game Gear mi, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ, àwòrán sì ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó. — Òǹkàwé, Ìkẹjà

Kápásítọ̀ ni, ẹ̀yà kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń tọ́jú iná. Àwọn tí wọ́n fi sínú Game Gear máa ń jo lẹ́yìn ọdún púpọ̀, omi inú wọn á sì máa jẹ ọ̀nà iná orí bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù ohùn dá dúró lọ́tọ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ pààrọ̀ gbogbo wọn, kì í ṣe èyí tó jo nìkan, kó kọ iye tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó yọ ọ́, nítorí wọn kò dọ́gba láti irú Game Gear kan sí òmíràn. Kó fi isopropyl fọ bọ́ọ̀dù kó tó jó tuntun mọ́ ọn. Bí ó bá ń gbọ́ òórùn ẹja nígbà tí irin gbígbóná kàn án, ibẹ̀ ni kápásítọ̀ ti jo sí. Lẹ́yìn àtúnṣe náà, ẹ rántí pé bátìrì AA mẹ́fà ló ń jẹ, wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ló sì ń fi jẹ wọ́n. Bátìrì tó ṣeé gba iná padà ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ àgbéléwọ́ tuntun irú Miyoo tàbí Anbernic lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n káàdì aláìlórúkọ tó máa ń bá wọn wá kì í pẹ́ kú, gbogbo ibi tí ẹ bá ti gbá géèmù dé á sì bá a lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e sórí káàdì SanDisk tàbí Samsung tó jẹ́ ojúlówó. Ẹ sì máa pa ẹ̀rọ náà pátápátá kí ẹ tó yọ káàdì.